Wall Drug, àti àwọn orúkọ tó pa wá lẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà I-90

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi máa já sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀: ẹ yà ní Wall Drug, ilé oògùn tó ti di ilé ìtajà ńlá. Kò dìgbà tí orí bá ń fọ́ yín. Ìlú kékeré kan ni Wall, ní apá ìwọ̀ oòrùn South Dakota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 1,000, síbẹ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àlejò ló ń wọ ilé ìtajà yìí lọ́dọọdún. Orúkọ àti pátákó ló ń fa ẹsẹ̀ wọn. Mo ti rí orúkọ tó dùn ún pè tí ọjà inú rẹ̀ ò dùn ún rà. Ti Wall Drug yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo sì fẹ́ kó àwọn yòókù tá a pàdé lójú ọ̀nà mọ́ ọn, torí pé tí ẹ bá sáré kọjá wọn, ẹ ti pàdánù ìdajì ìgbádùn ìrìn àjò náà.

Àwa márùn-ún la wà nínú ọkọ̀: èmi, ọkọ mi tó ń wakọ̀, màmá ọkọ mi tí wọ́n wá kí wa láti Nàìjíríà, ọmọ wa obìnrin tó ti gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wisconsin la ti gbéra, a gba Minnesota kọjá, a wọ South Dakota. Ọ̀nà I-90 tọ́ gbọnrangandan. Oko àgbàdo lọ́tùn-ún, oko sóyà lósì, ojú ọ̀run sì tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ. Tí èèyàn ò bá wá nǹkan ṣe, oorun á gbé gbogbo ará ọkọ̀ lọ, títí kan awakọ̀.

Màmá ló yọ wá. Wọ́n jẹ́ ẹni tí í ka ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí gbangba. Nílé, ara ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n máa ń kà. Níbí, wọ́n bọ́ sórí ilé ìtajà. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ nǹkan síta, ó fẹ́ kí àwọn kà á ni. Wọ́n á ka orúkọ náà sókè ketekete, wọ́n á yíjú sí ọmọ mi ọkùnrin: “Ọkọ mi, kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀?” Ìyẹn á dáhùn kíá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ta kò ó, èmi á wò ó lórí fóònù kí n lè dá ẹjọ́ náà. Eré yìí ló gbé wa dé Wall láìsí pé ẹnì kankan béèrè pé “ṣé a ti dé?”

Piggly Wiggly ló kọ́kọ́ dá ẹ̀rín sílẹ̀. Ilé ìtajà oúnjẹ ni, ó pọ̀ ní àwọn ìlú kéékèèké Wisconsin, ẹlẹ́dẹ̀ tó dé fìlà, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ni àmì rẹ̀. Màmá pè é ní “Pígílì Wígílì”, wọ́n tún un pè, inú wọn sì dùn sí bó ṣe ń yí lẹ́nu. Ọmọ mi ní ẹlẹ́dẹ̀ tó mọ ijó jó ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní irọ́ ni, ọjà gbogbo ni. Ẹ̀gbọ́n ló jàre. Àmọ́ ẹ gbọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1916, ní ìlú Memphis, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clarence Saunders ló ṣí àkọ́kọ́. Kó tó dìgbà yẹn, tí o bá lọ ra oúnjẹ, ìwọ á dúró síwájú, o ó ka ohun tí o fẹ́ fún ọmọ ọjà, òun ni yóò lọ kó o wá látẹ̀yìn. Saunders ló ní kí oníbàárà gbé agbọ̀n fúnra rẹ̀, kó máa ṣa ohun tó wù ú lórí pẹpẹ. Báwa gbogbo ṣe ń rajà lónìí nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé tó sọ ilé ìtajà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí àwọn èèyàn lè máa béèrè ìbéèrè yẹn gan-an ni.

Màmá mi orí. “Ọkùnrin yẹn gbọ́n,” ni wọ́n wí. “Àwa náà la ṣì ń béèrè yìí.”

Ní Windsor, níwọ̀nba ìrìn díẹ̀ sí àríwá Madison, a rí Mousehouse Cheesehaus. Ilé eku, ilé wàràkàṣì! Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó nígbà tí mo rí i. Orúkọ méjèèjì dún papọ̀ bí ìlù àti agogo, ó sì jẹ́ òótọ́ pé ibi tí wàràkàṣì bá wà, eku ò ní jìnnà. Màmá ò gbà rárá. “Ta ló ń fi orúkọ olè pe ilé ìṣúra?” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ọkọ mi yà síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní “cheese curds”. Òkò wàràkàṣì funfun kéékèèké ni, kò tíì gbó, tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, á máa dún wíì-wíì lábẹ́ eyín bí ẹ ti ń jẹ ẹ́. Màmá gbé ọ̀kan sẹ́nu, wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí sí ẹnu ara wọn, wọ́n tún jẹ òmíràn. “Wàrà ni,” ni wọ́n wí, “àmọ́ èyí ń sọ̀rọ̀.” Ọmọ mi ọkùnrin ní ohùn eku tí wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ nìyẹn. Mi ò rí ibi tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí o, ṣùgbọ́n mi ò ní já a láyà, torí àlàyé rẹ̀ dára.

Àwọn ilé epo pọ̀ tó ń jẹ́ Kwik Trip. Ọmọ mi ní àwọn tó ni ín ò mọ sípẹ́lì. Ní Eau Claire ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1965, La Crosse ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà báyìí, ètí odò Mississippi. Tí ẹ bá sọdá sí Iowa, ilé epo kan náà á di Kwik Star, torí pé ilé iṣẹ́ mìíràn ń jẹ́ QuikTrip níbẹ̀. Ní Iowa yìí kan náà, ní ìlú Hampton, ní 1959, ni wọ́n ti dá ilé epo Kum & Go sílẹ̀. Orúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀, Krause àti Gentle, ló pèsè K àti G. Nígbà tí mo sọ èyí fún Màmá, wọ́n ní àlejò wo ló máa gbọ́ “wá, kó o sì máa lọ” tí ò ní bínú? Ní 2023 ni ilé iṣẹ́ epo mìíràn, Maverik, ra ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti ń pa orúkọ náà rẹ́. Ó dùn mí. Orúkọ tí èèyàn lè fi pa ọmọ lẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà kò yẹ kó parẹ́.

Ní Austin, ní Minnesota, a yà sí Spam Museum. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé lẹ́tà ìdọ̀tí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni “spam” jẹ́ sí. Ẹran inú agolo ló kọ́kọ́ ni orúkọ náà. Ilé iṣẹ́ Hormel ló ṣe é jáde ní 1937. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn dá orúkọ wá, Ken Daigneau ló mú Spam wá, wọ́n sì fún un ní dọ́là 100. “Dọ́là ọgọ́rùn-ún fún orúkọ kan ṣoṣo?” ni Màmá wí. “Mo ti sọ ọmọ mélòó lórúkọ láyé mi!”

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé wọn ò fi orúkọ náà sílẹ̀ sára agolo nìkan. Àwọn tó ń mú àlejò kiri ń jẹ́ “SPAMbassador”, ègé ẹran tí wọ́n fi ń tọ́ni lẹ́nu wò ń jẹ́ “SPAMple”. Ọmọ mi obìnrin, tó ti ń ṣe bíi pé òun ti dàgbà ju eré wa lọ, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi “spam” síwájú ohun gbogbo. Àbúrò rẹ̀ di “spambúrò”. Títí a fi padà dé ilé la ò gbọ́ orúkọ mìíràn fún ọmọ náà mọ́. A kì í sanwó ìwọlé. Ilé náà mọ́ tónítóní, ó sì kún fún ohun tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn. Màmá kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ wọ́n ka gbogbo ohun tó wà lára ògiri.

Ní Blue Earth, òmìrán aláwọ̀ ewé tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 55 ló dúró níbẹ̀, ti ilé iṣẹ́ ẹ̀fọ́ inú agolo. Ìlú ń jẹ́ ilẹ̀ búlúù, òmìrán jẹ́ ewé. A ya fọ́tò, a lọ.

Kì í ṣe gbogbo orúkọ ló ń san gbèsè rẹ̀ o. Ilé oúnjẹ kan wà lójú ọ̀nà wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń sọ fúnni pé ìyá àgbà kan ló wà nídìí ààrò níbẹ̀, wọ́n sì ya ìyá náà sára pátákó, ó so ìró mọ́ àyà, ó mú ṣíbí dání. Màmá tún gèlè ṣe kí wọ́n tó wọlé, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ àwọn. Ọmọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó ń yọ ọ̀dùnkún dídì látinú ọ̀rá. Màmá bi í ní gẹ̀ẹ́sì pé ìyá dà. Kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Oúnjẹ náà tutù láàárín, ó gbóná létí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ Wall Drug fi jọ mí lójú. Orúkọ tó bá pa mí lẹ́rìn-ín ti gba àkókò mi. Ó yẹ kó fi nǹkan dípò.

Mitchell, ní South Dakota, fi nǹkan dípò dáadáa. Corn Palace wà níbẹ̀, ààfin àgbàdo. Gbọ̀ngàn ńlá ni, wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ níta ni wọ́n fi àgbàdo oríṣiríṣi àwọ̀ ṣe ọnà sí. Àgbàdo tòótọ́ ni o, tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri pẹ̀lú ìṣó: pupa, funfun, dúdú, pọ́pù. Wọ́n ti ní irú ààfin bẹ́ẹ̀ láti 1892, èyí tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí ti wà láti 1921, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ ọnà ara rẹ̀. Gbogbo ìlú ló gba eré náà kanlẹ̀. Ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ girama wọn ń jẹ́ Kernels, àwọn èso àgbàdo. Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ KORN. Ọkọ mi, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, yí rédíò ọkọ̀ títí ó fi rí i. Bí ohùn náà ṣe ní “KORN” báyìí, ó lu ìtọ́kọ̀ pá, ó bú sẹ́rìn-ín.

Màmá dúró síwájú ààfin náà pẹ́. Wọ́n fi ìka tẹ ọ̀kan lára àgbàdo náà wò. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ìlú tó bọlá fún oúnjẹ tó báyìí rí. Àwọn ẹyẹ sì wà lókè níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ààfin náà díẹ̀díẹ̀.

Kí a tó dé Mitchell rárá ni pátákó Wall Drug ti ń bá wa rìn. Láti Minnesota lẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Pátákó pákó kékeré, pátákó ńlá, aláwọ̀ yẹ́lò, aláwọ̀ ewé, nínú oko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù. Èyí á ní omi oníyìnyín ọ̀fẹ́ wà. Èyí á ní kọfí sẹ́ǹtì márùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e á ní àwọn ọmọdé fẹ́ràn Wall Drug. Òmíràn á kàn béèrè pé níbo gan-an ni Wall Drug wà.

Ìgbà tí Màmá kọ́kọ́ rí orúkọ náà, wọ́n dìde jókòó. “Háà! Drọ́ọ̀gù! Wọ́n wá kọ ọ́ sójú títì gbangba? Àbí NDLEA ò sí níbí ni?” Ọkọ mi ní láti dẹ ẹsẹ̀ lórí iná nítorí ẹ̀rín. A ṣàlàyé pé ilé oògùn lásán ni, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ibà àti oògùn ikọ́, pé ìlú Wall ló wà, wọ́n sì fi pe ìlú náà bẹ́ẹ̀ torí àwọn òkè Badlands tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ògiri. Màmá rò ó, wọ́n ní kò burú. Láti ìgbà náà lọ, “Oògùn Ògiri” ni wọ́n ń pè é. Gbogbo pátákó tó bá sì ti kọjá, wọ́n á kà á fún wa. Ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdéhùn omi tó máa mu.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ilé tí Ted Hustead àti ìyàwó rẹ̀ Dorothy wò. Ted jẹ́ apoògùn. Ní 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, ó fi owó ogún bàbá rẹ̀ ra ilé oògùn kan ní ìlú tó wà láàárín pápá gbígbẹ. Orúkọ ìlú àti orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n mú papọ̀: Wall, Drug. Kò sí ọ̀nà ẹ̀tàn kankan nínú orúkọ náà. Ẹ̀yìn ilé ìtajà ni wọ́n ń gbé, bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi pín yàrá. Wọ́n fún ara wọn lọ́dún márùn-ún. Ọdún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ọjà ò yá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1936, lọ́jọ́ Sunday kan tí oòrùn mú gan-an, Dorothy gbé ọmọ lọ sùn. Oorun ò kun un nítorí ariwo àwọn mọ́tò tó ń kọjá lójú títì. Ó padà wá bá ọkọ rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn inú mọ́tò yẹn ti la pápá gbígbẹ já, òùngbẹ á ti máa gbẹ wọ́n. Yìnyín wà nílé, omi wà nílé, kí wọ́n kọ ọ́ sórí pátákó pé omi oníyìnyín wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti ṣe ewì kékeré kan sílẹ̀ fún pátákó náà, èyí tí wọ́n máa pín sí ìlà-ìlà lẹ́bàá ọ̀nà. Ted àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan lọ ri àwọn pátákó náà mọ́lẹ̀. Kí Ted tó padà délé, mọ́tò ti ń yà.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi. Obìnrin tí kò rí oorun sùn ló gbọ́ òùngbẹ nínú ariwo táyà. Gbogbo ẹ̀rín tí pátákó yẹn ń pa wá láti Minnesota, ọ̀rọ̀ àánú ló wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí òfin 1965 wá dín pátákó ìpolówó kù lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, ìdílé Hustead ò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n gbé dáínósọ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 80 dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ I-90. Òun lẹ máa rí kẹ́ ẹ tó rí ìlú. Ọmọ mi figbe ta débi pé Màmá pe orúkọ Jésù.

Ẹ jẹ́ ká wọlé wàyí. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan mọ́. Ó ti gba gbogbo ojú òpó kan. Inú rẹ̀ ni wọ́n ṣe bí àárín ìlú àtijọ́ ti àwọn darandaran ìwọ̀ oòrùn, pẹ̀lú iwájú ilé onípákó, yàrá bàtà, yàrá fìlà, yàrá ìwé, yàrá ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn àwòrán ọlọ́dà tó dáa gan-an wà lára ògiri yàrá ìjẹun. Ilé àdúrà kékeré kan wà fún arìnrìn-àjò. Màmá wọ ibẹ̀, wọ́n dúpẹ́ fún ìrìn àjò, wọ́n jáde. Apá kan wà tí wọ́n kó ìgò àti ohun èlò àwọn apoògùn àtijọ́ sí. Ẹ má fò ó, ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé “Drug” inú orúkọ náà kì í ṣe àwàdà.

Lẹ́yìn ilé ni àwọn ọmọdé ń wá. Ehoro ńlá kan wà níbẹ̀ tó ní ìwo lórí, jackalope ni wọ́n ń pè é, ẹranko inú àlọ́ àwọn ará ibẹ̀. Èèyàn lè gun ẹ̀yìn rẹ̀ ya fọ́tò. Dáínósọ̀ kan tún wà tó máa ń jí, tó máa ń bú ramúramù, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin dúró títí ó fi jí lẹ́ẹ̀kan, ó tún ní a ò ní lọ títí yóò fi jí lẹ́ẹ̀kejì.

Omi náà ńkọ́? Ó wà. Ìyẹn ni mo wá wò. Ẹ̀rọ omi, ife, kò sí ẹni tó ń bi yín pé kí lẹ rà. Màmá gba ife, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. “Ọ̀fẹ́ lóòótọ́?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n mu ún, ó tutù débi tí wọ́n fi di ojú. Wọ́n tún bu òmíràn, wọ́n gbé e fún ọkọ mi, wọ́n ní: “Gbà, o ti wakọ̀ gan-an.”

Àmọ́ kọfí ló mú Màmá lọ́kàn jù. Sẹ́ǹtì márùn-ún ni. Àpótí kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí, inú rẹ̀ lẹ ó ju owó sí fúnra yín, ẹnikẹ́ni ò dúró tì í. Màmá tú owó wẹ́wẹ́ wọn sórí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní kí n fi sẹ́ǹtì márùn-ún han àwọn. Mo fi í hàn wọ́n. Wọ́n mú sẹ́ǹtì mẹ́wàá, wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ní báwo ni èyí tó kéré ṣe níyì ju èyí tó tóbi lọ. Ọmọ mi obìnrin ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Wọ́n wá ju ẹyọ sẹ́ǹtì márùn-ún mẹ́ta sínú àpótí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó, fún èmi, fún ọmọ wọn, fún ara wọn. “Ẹ gbọ́ o,” ni wọ́n wí, “èmi ni mo ṣe yín lálejò lónìí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ní Amẹ́ríkà, èmi ò náwó.” Kọfí náà ò le, ó mu ún dáadáa fún ẹni tó jókòó pẹ̀lú dónọ́ọ̀tì. Dónọ́ọ̀tì wọn ni kẹ́ ẹ rà. Ó gbóná, ó fúyẹ́, ṣúgà tó bò ó ń wó lọ́wọ́.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ má gba ọ̀nà tààrà wọ Wall. Ẹ bọ́ kúrò lórí I-90 ní ìjáde 131, ẹ gba inú ọgbà Badlands kọjá lọ́nà 240, yóò já yín sí Wall ní ìjáde 110. Ẹ̀bá ìjáde 131 náà lẹ ti máa rí ère òkété orí pápá (prairie dog) tó ga ju èèyàn lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rin àárín àwọn òkè gbígbẹ yẹn nínú oòrùn, ẹ ó mọ ìdí tí omi yẹn fi mú èèyàn yà ní 1936. Ẹ tètè dé lówùúrọ̀ nígbà ìsinmi, torí ọ̀sán máa ń kún. Kì í ṣe gbogbo ohun ìrántí tó wà lórí pẹpẹ ló wù mí; bí ẹ bá ní owó tí ẹ fẹ́ ná, yàrá ìwé ni kẹ́ ẹ ti ná an, ìwé nípa ìtàn àwọn Lakota, àwọn ọmọ onílẹ̀ agbègbè náà, àti nípa pápá ibẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Àwọn arìnrìn-àjò ti gbé pátákó Wall Drug lọ síbi púpọ̀ láyé, àwọn ọmọ ogun gbé e lọ sí òkè òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n á kọ iye máìlì tó kù sí Wall sára rẹ̀. Màmá ti ra tiwọn. Wọ́n ní iwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ló ń lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá wọn ṣírò máìlì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bá a jiyàn bóyá kí wọ́n ka òkun mọ́ ọn tàbí kí wọ́n má kà á.